Wọ́n Kó Pápá Màlúù Sínú Kọ̀ǹpútà!

Ìtàn koríko, ìjì eruku àti ẹ̀rọ tí wọ́n ní kó sọ ohun tí ọdún tó ń bọ̀ yóò mú wá

Ta ló lè wo koríko lónìí, kó sọ iye màlúù tí yóò yó níbẹ̀ ní àmọ́dún? Babaláwo ni àbí wòlíì? Ní ìlú Fort Collins, ní ìpínlẹ̀ Colorado nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn kan dìde ní ọdún 1968, wọ́n ní àwọn lè ṣe é. Wọn ò da ọ̀pẹ̀lẹ̀, wọn ò gorí òkè àdúrà. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbójú lé. Wọ́n ní gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí pápá, láti orí òjò tó rọ̀ títí dé orí kòkòrò tó ń jẹ gbòǹgbò, àwọn máa sọ ọ́ di nọ́ńbà, àwọn máa tò ó sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà á sì máa hu koríko tirẹ̀ nínú lọ́hùn-ún.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Koríko lásán-làsàn? Koríko tí ewúrẹ́ ń jẹ, tí àgbẹ̀ ń ro dànù? Ṣé iṣẹ́ ti wá tán nílé ayé ni? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ohun tí ojú àwọn ará àgbègbè náà ti rí nítorí koríko kò ní í rẹ́rìn-ín rárá.

ỌJỌ́ TÍ Ọ̀SÁN DI ÒRU

Láyé àtijọ́, pápá tó lọ salalu ni àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Koríko kúkúrú ló bò ó, ẹfọ̀n ilẹ̀ wọn, tó pọ̀ bí eṣú, ló ń jẹ níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn àgbẹ̀ dé. Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ti 1914 sí 1918 sọ àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì di ọjà olówó gọbọi. Ni kálukú bá gbé katakata. Wọ́n tú ilẹ̀, wọ́n hú koríko tó ti wà níbẹ̀ láti ayébáyé, wọ́n gbin àlìkámà. Owó wọlé. Kò sẹ́ni tó bi koríko léèrè pé iṣẹ́ kí ló ń ṣe níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ò hàn, àfìgbà tí ọ̀dá dá. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, òjò kọ̀, kò rọ̀ bó ṣe yẹ. Àlìkámà gbẹ. Gbòǹgbò koríko tó ń di ilẹ̀ mú kò sí mọ́. Ni atẹ́gùn bá gbé ilẹ̀ nílẹ̀! Ní ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1935, ìjì eruku kan bo apá kan Oklahoma, Texas àti àyíká wọn, ọ̀sán gangan di òru. Èèyàn ò rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Sunday Dúdú ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà títí dòní. Àwọn ìyá ń fi aṣọ tútù dí fèrèsé, wọ́n ń fi bo imú ọmọ. Eruku wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó pa èèyàn, ó pa màlúù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé di ẹrù sórí mọ́tò, wọ́n forí lé California, níbi tí wọ́n ti ń tọrọ iṣẹ́ ní oko olóko. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ìjọba ra ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ náà padà, wọ́n ní kí koríko padà síbẹ̀. Ara irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni pápá Pawnee, ní apá àríwá ìlà-oòrùn Colorado. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni oko ìwádìí ìjọba kan wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní 1939. Wọ́n pín pápá, wọ́n kó màlúù díẹ̀ sí apá kan, wọ́n kó ìwọ̀nba sí òmíràn, wọ́n kó rẹpẹtẹ sí ẹ̀kẹta. Ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu. Koríko kúkúrú yẹn lágídí! Níbi tí màlúù pọ̀ sí jù pàápàá, koríko ò kú tán, torí pé ẹnu ẹfọ̀n ti mọ́ ọn lára tipẹ́tipẹ́. Màlúù ni ò sanra tó bó ṣe yẹ níbi tí wọ́n ti pọ̀ jù. Katakata ló pa pápá ìjelòó, kì í ṣe ẹnu màlúù nìkan.

Ìbéèrè wá kù. Títí dé ibo ni koríko lè fara dà á? Màlúù mélòó ló pọ̀ jù? Bí òjò bá dín kù sí ìdajì ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lè ti òjò pa bí ẹní ti omi ẹ̀rọ, kò sì sẹ́ni tó lè dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó mọ èsì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ dá pápá mìíràn sílẹ̀, pápá orí nọ́ńbà, èyí téèyàn lè bà jẹ́ títí láìpa ẹnikẹ́ni lẹ́kún.

MÀLÚÙ TÓ NÍ IHÒ LỌ́RÙN

Ọ̀gá tó kó iṣẹ́ náà lórí ni George Van Dyne, tí wọ́n bí ní 1932. Ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Oak Ridge ní Tennessee, ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ átọ́míìkì, tí kọ̀ǹpútà sì ti wọ́pọ̀ ju ibòmíràn lọ nígbà náà. Ní 1966 ó dé yunifásítì ìpínlẹ̀ Colorado. Ní 1967 ó dá ilé ìwádìí sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó fi di 1968, owó ti wọlé láti ara ètò ìwádìí ńlá kan tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí ohun ẹlẹ́mìí, èyí tó parí ní 1974.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, wọ́n ní láti mọ pápá dójú àmì. Wọ́n ń gbé férémù kalẹ̀ lórí koríko, wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé gbogbo ohun tó wà láàárín rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, wọ́n á sá a gbẹ nínú ààrò, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láti ibì kan dé ibòmíràn, láti oṣù dé oṣù.

Ṣùgbọ́n kí ni màlúù gan-an ń jẹ? Bi màlúù léèrè, kò ní í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ọgbọ́n tí wọ́n ta nìyí: àwọn dókítà ẹranko máa ń ṣe ihò sí ọ̀nà ọ̀fun màlúù, wọ́n á dé e lómọrí, ọgbẹ́ rẹ̀ á jinná, màlúù á máa rìn káàkiri lálàáfíà. Lọ́jọ́ ìwádìí, wọ́n á ṣí ọmọrí, wọ́n á so àpò mọ́ ọn lọ́rùn. Ohun tó bá gbé mì, inú àpò ló ń já sí. Wọ́n á wá ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan: koríko lèyí, ewé lèyí. Wọ́n ṣe é fún màlúù, wọ́n ṣe é fún àgùntàn, kódà wọ́n ṣe é fún ẹfọ̀n.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Nígbà tí wọ́n wa ilẹ̀, wọ́n rí i pé koríko tó wà lókè tí ojú ń rí kéré púpọ̀ sí èyí tó wà nísàlẹ̀. Gbòǹgbò ló pọ̀ jù. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ yẹn náà ni àwọn aràn tín-tìn-tín kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń fa omi ara gbòǹgbò mu. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò, ohun tí àwọn aràn wọ̀nyí ń jẹ lára koríko ju ohun tí màlúù ń jẹ lókè lọ! Gbogbo ayé ti ń ka màlúù lórí pápá láti ọjọ́ yìí wá, kò sẹ́ni tó ka ẹran abẹ́ ilẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE KỌ́ PÁPÁ INÚ Ẹ̀RỌ

Ẹ wo ìyá tó ń ta ìrẹsì lọ́jà. Ó mọ iye àpò tó wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Ó mọ iye mudù tó tà. Ó mọ èyí tí eku jẹ, ó mọ èyí tó fi tọrẹ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kò dìgbà tó bá wọ yàrá lọ ka àpò kó tó mọ iye tó kù. Ìṣirò orí rẹ̀ ti sọ fún un.

Ohun tí àwọn ará Fort Collins ṣe ò ju ìyẹn lọ, àfi pé ṣọ́ọ̀bù tiwọn pọ̀ lọ jàra. Omi inú ilẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kan. Koríko tútù, ṣọ́ọ̀bù kan. Koríko gbígbẹ, gbòǹgbò, màlúù, tata, kòkòrò tó ń jẹra nǹkan sílẹ̀, kálukú ló ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ohun tó bá jáde nínú ọ̀kan ló ń wọ òmíràn. Òjò rọ̀, ó wọ ilẹ̀. Oòrùn gba díẹ̀ lọ, gbòǹgbò fa díẹ̀. Koríko hù, màlúù jẹ ẹ́, màlúù yàgbẹ́, ìgbẹ́ di ọ̀rá ilẹ̀, ọ̀rá ilẹ̀ tún di koríko. Wọ́n wá kọ òfin fún ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan: bí omi bá tó báyìí, tí oòrùn sì mú tó báyìí, koríko á hù tó báyìí. Nígbà yẹn, káàdì líle tí wọ́n lu ihò sí lára ni wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Wọ́n á ki káàdì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀rọ á ṣírò ọjọ́ kan tẹ̀ lé ọjọ́ kan, á tẹ èsì jáde. Irú àfijọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní mọ́dẹ́ẹ̀lì. Èyí tó tóbi jù nínú tiwọn, ELM ni wọ́n sọ ọ́. George Innis ló ṣe àkójọ ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní 1978.

ỌMỌ IṢẸ́ GBỌ́DỌ̀ ṢE ÌDÁNWÒ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ẹ̀rọ sọ nọ́ńbà, ó dáa. Ta ló ní òótọ́ ló ń sọ?

Ọ̀gá káfíńtà tó mọṣẹ́ kì í tú ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ó kan àga tí wọ́n jọ kàn. Àga yẹn, ó ti wò ó lójú ọ̀gá. Ẹ fún un ní pákó, ẹ ní kó kan kọ́bọ́ọ̀dù tí kò kàn rí, kí ọ̀gá jókòó sí kọ̀rọ̀ kan láìsọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ̀ bóyá ó tó gba fúríìdọ́ọ̀mù.

Bí wọ́n ṣe ń dán mọ́dẹ́ẹ̀lì wò náà nìyẹn. Nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ́ ọ, wọn kì í fi dán an wò. Wọ́n á mú ọdún kan tàbí pápá kan tí ẹ̀rọ kò mọ̀ rí, wọ́n á sọ òjò àti oòrùn ibẹ̀ fún un, wọ́n á bo koríko tí wọ́n gé níbẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ẹ̀rọ á sọ tirẹ̀, wọ́n á wá ṣí tọwọ́ wọn. Bí méjèèjì bá fara jọra, wọ́n á mí kanlẹ̀. Bí wọn ò bá jọra, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n tún máa ń fọwọ́ kan nọ́ńbà kan ṣoṣo, wọ́n á gbé e sókè díẹ̀, kí wọ́n wo ohun tí yóò yí padà. Nọ́ńbà míì, téèyàn bá fọwọ́ kàn án, gbogbo pápá á dojú dé. Irú èyí ni wọ́n gbọ́dọ̀ padà lọ wọ̀n dáadáa.

Ká sòótọ́, ELM ò mókè tó bí wọ́n ṣe fọ́nnu. Ó ti tóbi jù. Bí ogójì obìnrin bá bu iyọ̀ sínú ìkòkò ọbẹ̀ kan ṣoṣo, tí ọbẹ̀ wá níyọ̀ jù, ọwọ́ ta ni wọ́n fẹ́ dì mú? Bí ẹ̀rọ bá ṣìṣe, kò sẹ́ni tó tètè mọ ibi tí àṣìṣe ti wọlé. Ní 1976, àwọn onímọ̀ kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé irú àwọn mọ́dẹ́ẹ̀lì ńlá bẹ́ẹ̀ kò ṣe ohun tí wọ́n ṣèlérí. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn tó ti fi ọdún gbọọrọ gé koríko nínú oòrùn. Van Dyne fúnra rẹ̀ kú ní 1981, kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ò ṣòfò. Ìwé àkọsílẹ̀ wà. Àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ wà. Ọ̀kan nínú wọn ni William Parton, ẹni tó kọ apá omi àti ooru nínú ELM.

ÀPÒ OWÓ MẸ́TA TÓ WÀ NÍNÚ ILẸ̀

Parton ti rí ibi tí bàtà ti ta ELM lẹ́sẹ̀. Ní 1987, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé mọ́dẹ́ẹ̀lì mìíràn jáde, wọ́n pè é ní CENTURY. Èyí kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Kò ka tata, kì í ṣírò lójoojúmọ́. Oṣooṣù ló ń ṣírò. Ohun tó gbájú mọ́ ni ọ̀rá ilẹ̀.

Gbogbo obìnrin ọjà ló máa tètè lóye ohun tó ṣe. Owó wà nínú tòbí tí wọ́n ń fi ra omi, tí wọ́n ń fi fún onímọ́tò. Èyí ń wọlé, ó ń jáde ní wéréwéré. Owó wà nínú èésú, ó dìgbà tó bá kan èèyàn kó tó fojú kàn án. Owó tún wà tó ti di ilé àti ilẹ̀, èyí tó jẹ́ pé àwọn ọmọ-ọmọ ni yóò jẹ ẹ́. CENTURY ní ọ̀rá ilẹ̀ náà pín sí mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Ìkíní ń jẹrà láàárín oṣù díẹ̀ sí ọdún mélòó kan. Ìkejì ń gbà tó 20 sí 50 ọdún. Ìkẹta lè pẹ́ tó 400 ọdún, ó sì lè kọjá 1000.

Ibi tí àṣírí àwọn àgbẹ̀ àlìkámà ti tú nìyí. Nígbà tí katakata kọ́kọ́ tú ilẹ̀, owó tòbí ni wọ́n ń ná, irè oko wá dáa, wọ́n rò pé ilẹ̀ yẹn ò lè gbó láéláé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ná èésú. Nígbà tí yóò fi tó bí ọdún mélòó kan sí i, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ àgbègbè náà ti pàdánù ohun tó tó ìdá mẹ́ta sí ìdajì ọ̀rá rẹ̀. Dídá irú owó bẹ́ẹ̀ padà kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan tàbí méjì.

ÀÌRÌN JÌNNÀ

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mọ́dẹ́ẹ̀lì tó bá mọ Colorado nìkan, ilé ló ti gbọ́n. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé CENTURY lọ ṣe ìdánwò lórí pápá 11 káàkiri ayé, tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1993. Wọ́n dán an wò ní ibi tí yìnyín ti ń bọ́, wọ́n dán an wò ní ibi tí oòrùn ti ń ta gan-an.

Ọ̀kan nínú pápá wọ̀nyí kò jìnnà sí ilẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire. Lamto ni wọ́n ń pè é, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Láti 1962 ni àwọn onímọ̀ ti dá ibùdó sílẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ àwọn méjì tó dá a sílẹ̀, Lamotte àti Tournier, ni wọ́n gé lẹ́ lẹ́ pọ̀ tó fi di Lamto. Ọ̀dàn ni ibẹ̀, koríko rẹ̀ ga, ọ̀pẹ àgbọn olódu dúró káàkiri inú rẹ̀, wọ́n sì máa ń tiná bọ̀ ọ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún. Ẹni tó bá mọ ọ̀dàn Ṣakí tàbí ti Kìṣí nígbà ọyẹ́ kò ní í ṣàjèjì níbẹ̀. Irú koríko tí àwọn baba ńlá fi ń bolé ni, irú iná tí àwọn ọdẹ mọ̀ ni.

Kí ni èsì? Lórí ọ̀rá ilẹ̀, ẹ̀rọ gbìyànjú gan-an: lórí apá tó jẹ́ kábọ́ọ̀nù, gbogbo ohun tó sọ ló wà láàárín ìdá kan nínú mẹ́rin sí òótọ́, yálà ó lé tàbí ó dín. Ṣùgbọ́n lórí iye koríko tí yóò hù lọ́dún kan, ohun tó fara mọ́ òótọ́ báyẹn jẹ́ 60 nínú 100 péré. Èyí kì í ṣe ìtìjú. Ọmọ iṣẹ́ tó gba 60 ti yege, ṣùgbọ́n ọ̀gá ò ní í fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un kó lọ sùn. Ohun tí wọ́n sì ṣe tó yẹ ní ìyìn ni pé wọ́n kọ 60 yẹn síta gbangba. Wọn ò kó o pamọ́.

ṢÉ KÍ N TA MÀLÚÙ ÀBÍ KÍ N DÚRÓ?

Àǹfààní wo ló wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni màlúù? Parton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún CENTURY ṣe, wọ́n gbé DAYCENT jáde ní 1998, èyí tó ń ṣírò lójoojúmọ́. Ní 2018, yunifásítì ìpínlẹ̀ Colorado, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ètò ọ̀gbìn àti àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀dá ní Nebraska da iṣẹ́ pọ̀, wọ́n gbé àsọtẹ́lẹ̀ koríko kan jáde fún àwọn olówó màlúù. Grass-Cast ni wọ́n ń pè é, DAYCENT sì wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Bí ìgbà koríko bá ti ń wọlé, wọ́n ń gbé e jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

Ohun tó dáa jù lára rẹ̀ ni pé kì í sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bíi wòlíì. Àwòrán ilẹ̀ mẹ́ta ló ń fi hàn: bí òjò bá pọ̀, iye koríko nìyí, bí òjò bá wà níwọ̀nba, iye koríko nìyí, bí òjò bá kọ̀, ohun tí ojú máa rí nìyí. Olówó màlúù á wò ó, á bi ara rẹ̀ pé: ṣé kí n ta mẹ́wàá nísinsìnyí tí owó wà lórí, àbí kí n dúró? Ẹni tó bá dúró títí ọ̀dá fi dé, gbogbo èèyàn ló máa jọ kó màlúù gbígbẹ wá sọ́jà lọ́jọ́ kan náà, owó á já wálẹ̀ bí ẹní ju òkúta sódò. Gbogbo ẹni tó ti ta tòmátò rí ní ọjọ́ tí ọkọ̀ ogún dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Láti orí Sunday Dúdú ti 1935 títí dé orí àwòrán mẹ́ta yìí, ó lé ní ọgọ́rin ọdún. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ gbọ́n ju èèyàn lọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tí ẹ̀rọ fi ń gbọ́n, ọwọ́ àwọn tó fi sísọ́ọ̀sì gé koríko láti ọjọ́ dé ọjọ́, tí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, ló ti wá. Níbi tí kò bá ti sí àkọsílẹ̀, kọ̀ǹpútà kan kò ní ohun tí yóò sọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gbọ́, kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìyá oníṣúgà máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé òṣùwọ̀n tuntun dé: ta ló ti fi wọn ọjà rí, ṣé ó pé?